Ọwọ́ Tó Funfun ní Ìkátẹ

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Èkó ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ àjèjì ni mí. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nílé wa, Yorùbá la fi ń bú ara wa, òun náà la fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn tí a bá kírun tán. Faransé jẹ́ ti ilé-ìwé àti ti ọlọ́pàá. Mo ti rò ó pé bí mo bá dé Èkó, àárín àwọn èèyàn mi náà ni mo dé yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní ọ̀nà Àdó, lẹ́yìn Ajah, pé kí wọ́n ta búrẹ́dì fún mi, obìnrin tó ń tà á wò mí títí, ó ní, "Àgànyìn, Yorùbá yìí mà dùn lẹ́nu ẹ o. Ta ló kọ́ ẹ?" Ìyá mi ló kọ́ mi. Mo gba búrẹ́dì mi, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀gá Kútọnu ni wọ́n ń pè mí. Mi ò gbé Kútọnu rí, ọjọ́ méjì péré ni mo sùn níbẹ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n ní Lẹ́kí, ẹni tó bá ti ìhà ibẹ̀ wá, Kútọnu ni. Nígbà tó yá, mo jẹ́ orúkọ náà. Orúkọ tí wọ́n bá ń fi pe èèyàn sídìí oúnjẹ, kò yẹ kó máa bínú sí i.

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe. Àwọn onílé Lẹ́kí ti gbà pé ará Kútọnu àti ará Togo ló mọ táìlì lẹ̀ jù. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ irọ́, èmi ò bá wọn jiyàn. Yorùbá ni mo fi ń pàṣẹ fún àwọn tó wà lábẹ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ń wọn ilẹ̀, Faransé ni mo fi ń kà á sínú. Ọwọ́ mi kì í gbọ́ nọ́ńbà tí mo bá fi èdè mìíràn kà.

Owó idẹ kan wà lápò mi tí mi ò ná, tí mi ò sì lè ná ní Nàìjíríà. Owó sẹ́fà ni, ti ilé wa. Òun ni mo fi ń yẹ ilẹ̀ wò. Táìlì tí símẹ́ńtì kún abẹ́ rẹ̀, bí o bá fi owó idẹ kàn án, á dún kì. Èyí tí símẹ́ńtì ò dé abẹ́ rẹ̀ dáadáa á dún kó, bí igbá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá pọ̀ lórí irú èyí, tó bá pẹ́ tó yá, á là. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń lẹ táìlì lábẹ́ mi, mo máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mo máa ń kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣojú wọn ni mo ti ń ṣe é. Èmi ò rí aburú kankan nínú ẹ̀ nígbà náà. Mo ní iṣẹ́ ni.

Ó ní ohun tó fà á o. Ní ọdún kejì tí mo dé, a ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura kékeré kan ní Ẹlẹ́kọ, létí òkun, níbi táwọn apẹja ń wọ́ ọkọ̀ wọn sí. Mo lọ sílé fún Iléyá, ọjọ́ mẹ́ta péré, mo fi ilé ìwẹ̀ mẹ́rin lé ọ̀rẹ́ mi kan lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé, gbogbo omi ilé ìwẹ̀ ló ń ṣàn lọ sínú yàrá dípò kó lọ sí ihò ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ, kò gbé fóònù mọ́. Ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ onílé yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ẹni tó bá fi iṣẹ́ rẹ̀ lé èèyàn lọ́wọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Bí mi ò ṣe lọ sílé mọ́ nìyẹn. Iléyá méjì kọjá. Kétu kò jìnnà, ẹni tó bá fi àárọ̀ gbéra ní Ajah lè jẹ oúnjẹ alẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ń lọ sílé ju èmi lọ. Ta ni mo fẹ́ fi sáìtì sílẹ̀ fún?

Ìyàwó mi, Ìyá Sídí, ń pè mí ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. A ń kọ́ ilé kan sí ẹ̀yìn àgbàlá bàbá mi, yàrá mẹ́ta. Ògiri ti dé òkè. Páànù àti igi ti wà nílẹ̀. Ó ku kí wọ́n kan òrùlé, kí òun àtàwọn ọmọ kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n há sí. Ní gbogbo ìgbà òjò kan, ó ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun pe káfíńtà. Mo ní kó dúró dè mí. Káfíńtà tí mi ò bá dúró tì, á jí ìṣó, á fi igi tó ti jẹrà há àárín èyí tó dáa. Ó ní òun á dúró tì í. Mo ní kí ló mọ̀ nípa igi? Ìgbà tó yá, kò bẹ̀ mí mọ́. Mo rò pé ó ti gbà pẹ̀lú mi. Bó bá pè, fídíò la fi ń rí ara wa, abẹ́ igi máńgòrò ló máa ń jókòó sí, ó ní ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, àwọn ọmọ á kí mi, a óò sì pa fóònù.

Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni Bàbá Eli. Ẹnjiníà àgbà ni wọ́n ní sáìtì wa ní Ìkátẹ, ilé alájà mẹ́rin tó kọjú sí òkun. Júù ni wọ́n, ọmọ Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n Mòrókò ni wọ́n ti bí wọn, Faransé sì ni ìyá wọn fi tọ́ wọn. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ tí mò ń ka nọ́ńbà lábẹ́ èémí mi, wọ́n dúró, wọ́n fi Faransé kí mi. Láti ọjọ́ náà, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ò ní gbọ́, Faransé la máa sọ, Júù kan àti Mùsùlùmí kan, ní Ìkátẹ. Wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Èkó. Wọ́n mọ "ẹ kú iṣẹ́" àti "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́" sọ dáadáa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bó bá ti di aago méjì ọ̀sán, Bàbá Eli á kó ìwé wọn, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lé akọ̀wé lọ́wọ́, ó di ọjọ́ Mọ́ńdè. Ọjọ́ ìsinmi wọn ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, wọn kì í sì í gbé fóònù títí di alẹ́ ọjọ́ kejì. Èmi tí ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ọjọ́ mi gan-an, mi ò lọ sí mọ́sáláṣí mọ́. Orí àpò símẹ́ńtì òfìfo ni mo ti ń kírun mi, níbi tí mo ti lè rí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń fi ojú kan wo Ọlọ́run, mo máa ń fi ìkejì wo àwọn lébìrà.

Obìnrin kan wà láàárín àwọn lébìrà náà, Ìyá Ràṣídà, ọmọ Ìsẹ́yìn. Ó ti ru omi àti kọnkéré fún ọdún mẹ́fà kó tó wá sọ́dọ̀ mi. Lọ́dọ̀ mi, ó kọ́ bí a ṣe ń gé táìlì àti bí a ṣe ń fi símẹ́ńtì funfun dí àlàfo. Kì í wọ bàtà. Bí a bá parí ilẹ̀ kan, á la ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, á di ojú, á rọra máa rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú omi. Lójijì á dúró, á ní, "Ọ̀gá, èyí ga ju èkejì ẹ̀ lọ." Mo gbé irin gígùn lé e lẹ́ẹ̀kan láti dójú tì í. Ó ga lóòótọ́, ìwọ̀n èékánná. Mo ní ṣé ó ti jẹun láàárọ̀ yẹn tó fi ń dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ó ti bẹ̀ mí tó ìgbà márùn-ún pé kí n jẹ́ kóun lẹ táìlì. Mo ní kó ṣe sùúrù. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó fi sùúrù náà dúró dè. Nígbà tó yá, méjì nínú àwọn ọmọọṣẹ́ mi kúrò, onílé sì ń pariwo. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn. Mo fún un ní ilé ìwẹ̀ kan ní àjà kejì, èyí tó kéré jù. Ó fi ọjọ́ méjì lẹ̀ ẹ́, ó parí lọ́jọ́ Sátidé, ó fọ ọwọ́, ó wò mí. Mo ní ká máa lọ sílé.

Mi ò sùn dáadáa. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo padà sí Ìkátẹ. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ àyàfi mèígádì tó ń gbọ́ rédíò. Mo gòkè lọ, mo kúnlẹ̀, mo yọ owó idẹ mi. Mo kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì, kì, kì, títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí n dìde nígbà náà. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Etí tó bá ń wá nǹkan, kò ní ṣàìgbọ́ ọ: ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ní mo gbọ́ kó. Mo mú irin kan tó wà nílẹ̀, mo tu táìlì mẹ́ta.

Símẹ́ńtì kún ẹ̀yìn wọn dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi fúnra mi kì í lẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé ọ̀kan lé orí itan, mò ń wò ó.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò lọ́gbọ́n nínú. Mo fẹ́ kí ohun gbogbo rí bó ṣe rí kí Mọ́ńdè tó dé. Mo ti gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ sílé, èmi nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀, inú sítọ̀ yẹn sì ni ìbọ̀wọ́ àti gbogbo irinṣẹ́ wà. Ìlàjì àpò símẹ́ńtì kan wà níta. Mo fi ọwọ́ lásán pò ó, ọwọ́ lásán náà ni mo fi tẹ́ ẹ, mo lẹ táìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà pẹ̀lú ìkánjú, mo dí àlàfo wọn. Ó gbà mí tó wákàtí méjì. Símẹ́ńtì kì í jó èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ó ń dúró kí o kọ́kọ́ délé.

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, ọwọ́ ọ̀tún mi ti funfun láti orí ìka dé ọrùn ọwọ́. Ó gbẹ, ó ń là, ó ń ta mí bí ata. Nọ́ọ̀sì kan ní ọ̀nà Àdó wò ó, ó bi mí bóyá mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí pẹ́. Mo ní ọdún mọ́kàndínlógún. Ó mi orí. Ó ní ọwọ́ yẹn kò gbọdọ̀ kan símẹ́ńtì fún oṣù kan, ó fi báńdéèjì dì í. Mo dé yàrá mi, mi ò lè fi ọwọ́ òsì yí kọ́kọ́rọ́. Mo dúró níta bí olè. Ọdún kẹta tí mo ti ń gbé inú ilé yẹn nìyẹn, mi ò sì mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kejì tí mo lè pè. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí ọwọ́ ṣe ń dùn mí lọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé, Bàbá Eli wá yẹ àjà kejì wò. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi, ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ́ aṣojú onílé, tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí àjà náà, àwa náà la máa lẹ ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, èyí tó tóbi jù nínú ilé. A dé ilé ìwẹ̀ Ìyá Ràṣídà. Òun náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, sílípáàsì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Bàbá Eli fi ìdí sukudíráfà kan ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà wá. Kì, kì, kì. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ògiri: kó. Kó. Kó.

Fẹ́mi ní ohun tí òun ti ń sọ nìyẹn. Ó ní ta ló gbé iṣẹ́ táìlì fún alágbàṣe, ó ní kí obìnrin yìí padà sídìí omi tó ń rù, àbí kó kúkú máa lọ sílé. Èdè òyìnbó àti Yorùbá ló fi sọ ọ́ pọ̀, kó lè yé gbogbo wa. Ìyá Ràṣídà kò sọ nǹkan kan. Ó wo àlàfo táìlì mẹ́ta náà, ó wo báńdéèjì ọwọ́ mi, ó wá wo ojú mi. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀.

Mo dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń rò ó pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ọ̀gá tó ń tu iṣẹ́ tó dáa ní kọ̀rọ̀, orí rẹ̀ kò pé, wọ́n á gbé gbọ̀ngàn fún ẹlòmíràn. Bí mo bá dákẹ́, obìnrin kan ló máa padà sídìí omi, ó sì ti mọ omi rù tẹ́lẹ̀. Èrò burúkú kì í pẹ́ lọ́kàn kó tó jọ ọgbọ́n. Ìyá Ràṣídà bẹ̀rẹ̀, ó mú sílípáàsì rẹ̀ nílẹ̀. Kì í wọ bàtà ní sáìtì, àfi bó bá ń lọ sílé. Ó ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Èmi ni mo lẹ mẹ́ta yẹn," ni mo wí. "Mo tu tiẹ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe tiẹ̀."

Mo tún un sọ ní Faransé, kí Bàbá Eli má bàa rò pé òun ṣì mí gbọ́. Fẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé ẹnì kankan kò bá òun rín. Bàbá Eli ní kí n lọ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kí ẹni tó ni iṣẹ́ tún un lẹ̀. Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé wọn, wọ́n bọ́ sí yàrá kejì.

Ọ̀sán ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n jókòó sórí páálí táìlì ní ìsàlẹ̀, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń wọlé. Wọ́n ní kí n tú báńdéèjì, àwọn fẹ́ rí i. Mo tú u. Wọ́n ní, "Ọwọ́ Mósè."

Mo ní èmi náà mọ ìtàn náà. Ànábì Mùsá ti ọwọ́ bọ abíyá, ó yọ ọ́ jáde, ó funfun, iṣẹ́ ìyanu ni. Nínú Kùránì, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ pé funfun náà kì í ṣe ti àrùn.

Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tiwọn, ẹ̀tẹ̀ ni. Àwọn àgbà wọn sì ti ń bèèrè láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọkùnrin náà ṣẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ́tẹ̀. Ìdáhùn wọn ni pé ẹ wo ọ̀rọ̀ tó sọ ṣáájú. Ọlọ́run rán an sí àwọn èèyàn rẹ̀ nínú oko ẹrú, Ọlọ́run sì ti ṣèlérí fún un pé wọ́n máa gbọ́ tirẹ̀. Ó dáhùn pé wọn ò ní gba òun gbọ́. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn o. Kò tíì bi ẹnì kankan. Inú aginjù níbẹ̀ ló jókòó sí, ó ti mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

"Àwọn àgbà wa ní Ọlọ́run dá a lóhùn pé onígbàgbọ́ ni wọ́n, ọmọ onígbàgbọ́," ni Bàbá Eli wí. "Ẹni tó bá fura sí aláìṣẹ̀, ara tirẹ̀ ló máa jìyà ẹ̀."

Wọ́n ní àwọn èèyàn máa ń rò pé olórí ni ẹni tí àwọn mìíràn gbà gbọ́. Àwọn ò rí i bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn ń gba ère òkúta náà gbọ́, kò sọ ère di olórí. Olórí ni ẹni tó gba àwọn mìíràn gbọ́ kó tó rí ìdí tó fi yẹ bẹ́ẹ̀.

Inú bí mi díẹ̀, kí n má parọ́. Kì í ṣe ohun tí èèyàn fẹ́ gbọ́ nígbà tí ọwọ́ ń ta á. Mo sọ fún wọn nípa Ẹlẹ́kọ. Mo ní wọ́n ti já mi kulẹ̀ rí. Wọ́n ní wọ́n ti já àwọn náà kulẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ní sáìtì mìíràn, àwọn fi ilé sílẹ̀ lọ sinmi, Mọ́ńdè tí àwọn máa dé, àwọn bíríkìlà ti kọ́ ògiri kan síbi tó yẹ kí àtẹ̀gùn wà. Wọ́n wó o. Mo bèèrè ohun tí wọ́n ṣe ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní, "Mo lọ sílé ní aago méjì."

Mo ń di báńdéèjì mi padà. Wọ́n tún ní nígbà tí Mósè darúgbó, Ọlọ́run ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé Jóṣúà lórí, kó fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ kan ni Ọlọ́run sọ. Nígbà tó máa ṣe é, ọwọ́ méjèèjì ló gbé lé e. Ọkùnrin tó dẹ́tẹ̀ lọ́wọ́ nítorí ìfura ni o, òun ló wá fi ọwọ́ kejì ṣe èènì. Wọ́n wo báńdéèjì náà. Wọ́n ní èmi ò ní ju ọwọ́ kan lọ báyìí, kí n kọ́kọ́ lo ìyẹn.

Mo bẹ Ìyá Ràṣídà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tí ó ti lẹ táìlì mẹ́ta náà padà. Ojú tì mí, mi ò sì mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀ dáadáa. Mo bi í bóyá ó ti mọ̀ kí wọ́n tó kàn án. Ó ní láti àárọ̀ Mọ́ńdè ni ẹsẹ̀ òun ti sọ fún òun. Mo ní kí ló dé tó fi dákẹ́ nígbà tí Fẹ́mi ń lé e lọ?

"Mo fẹ́ wò ó bóyá ẹ máa sọ ọ́," ni ó wí. "Ọ̀gá, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ pẹ́ jù."

Wọ́n fún wa ní gbọ̀ngàn náà. Ọwọ́ mi kò lè kan nǹkan kan, nítorí náà Ìyá Ràṣídà ló ta okùn, òun ló lẹ táìlì àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ìyókù máa tẹ̀ lé. Èmi jókòó. Ọjọ́ kìíní, mo sọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù. Ọjọ́ kejì, ó ní bí mo bá ń sọ̀rọ̀, òun ò gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ń sọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ lọ́rùn mi, mo fún un. Mo fi owó idẹ náà lé e. Ó wo owó náà níwájú àti lẹ́yìn, ó bi mí bóyá wọ́n ń gbà á ní Ìsẹ́yìn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́sáláṣí ní Ajah.

Mi ò ní sọ pé ọkàn mi wà nínú ìrun náà. Inú gbọ̀ngàn ló wà, ó ń kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ejìká ẹlòmíràn kan tèmi lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó sì ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a kí sàlámà tán, ọkùnrin tó wà lápá òsì mi rí báńdéèjì, ó bi mí ohun tó ṣe mí. Ó ní òun náà ń gbé ọ̀nà Àdó, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó bi mí ní tèmi. Mo sọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti máa ń rò ó pé ìlú ló ń sọ èèyàn di àjèjì. Àjèjì ni ẹni tí kò rí ẹnì kan fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, ìbáà ṣe ilé bàbá rẹ̀ ló wà.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti parí ìlà mẹ́fà. Mo na ọwọ́ òsì kí n gba owó idẹ mi. Ìyá Ràṣídà kò fún mi. Ó ní, "Ẹ bọ́ bàtà yín." Mo bọ́ ọ. Mo di ojú, mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé. Ilẹ̀ náà tutù, ó tẹ́jú. Lẹ́bàá fèrèsé, nǹkan gbá mi létí ẹsẹ̀, táìlì kan ga díẹ̀ ju èkejì lọ. Mo la ojú. Ó ti ń wò mí. Ó ní òun mọ̀, òun máa tún un ṣe kí símẹ́ńtì tó le. Mo wọ bàtà mi, mo bọ́ síta, mi ò dúró wò ó bó ṣe ń tún un ṣe. Ó nira fún mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Bàbá Eli yẹ gbọ̀ngàn náà wò ní ọ̀sẹ̀ kejì. Wọ́n kàn án kárí. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́," Ìyá Ràṣídà ni wọ́n sì kọjú sí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Ìyá Sídí pè mí lọ́sàn-án, ohùn lásán, kò sí fídíò. Mo ti ń tún ọ̀rọ̀ náà kà sínú láti àárọ̀. Mo ní kó pe káfíńtà. Mo ní kó kan òrùlé, kó má dúró dè mí, kó má ya fọ́tò kankan ránṣẹ́, ohun tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ti tẹ́ mi lọ́rùn. Mo sọ ọ́ tán, mo ń retí kó dúpẹ́.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gé. Mo pè é lórúkọ.

"Bàbá Sídí," ni ó wí, "òrùlé ti wà lórí ilé láti èṣín. Abẹ́ ẹ̀ la wà yìí."

Mo bi í, ohùn mi kò sì le, pé kí ló dé tí kò fi sọ fún mi.

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́."

Mo rántí igi máńgòrò. Ọdún kan gbáko ni ìyàwó mi fi ń jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ láti wá bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, kí n má bàa rí òrùlé lórí rẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo fi báńdéèjì nù ún.

Òjò ń rọ̀ ní Kétu. Ó ní kí n dúró, ó gbé fóònù sókè, mo sì gbọ́ ọ, òjò lórí páànù wa. Mo tẹ́tí sí i bí mo ṣe máa ń tẹ́tí sí ilẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Mo fẹ́ bi í bóyá ibì kankan ń jò. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, mo bi í ní ọjọ́ tí Iléyá bọ́ sí.